Ibi Tí Wọ́n Sin Ìyá Màmá Dọ́rà Sí

Nígbà tí owó epo ń ya wọ Èkó bí omi òjò, tí gbogbo ojúlé ní Ìsọlọ̀ ń wó ògiri amọ̀ láti fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀, èmi di ẹrù mi, mo ní mò ń lọ sí Ọsirélíà. Ìyá Ṣẹ́gun, tó ń ránṣọ níwájú ilé wa, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àwọn òyìnbó ń wá iṣẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìwọ ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ṣé wọ́n ránṣẹ́ pè ọ́ ni?"

"Ìwé ni mo fẹ́ lọ kà, mà."

"Ìwé wo ló tún kù? Èyí tó wà lórí rẹ yẹn kò tíì wúwo tó?"

"Ìtàn ni, mà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ àwọn ìlú kéékèèké dó lọ́hùn-ún."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti yọ abẹ́rẹ́ tó há sẹ́nu. "Ìtàn ẹlẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ o ò tíì mọ ẹni tó tẹ Ìsọlọ̀ dó."

Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn. Àgbà ni.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò nítumọ̀. Mo débẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti òkè òkun dé, ìyà àti ẹ̀sín ni wọ́n kọ́kọ́ ń sin sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó wọlé wá pín bisikíìtì.

Ní ilé ìtajà tó wà nítòsí yunifásítì, màá tò sórí ìlà, ọmọbìnrin tó ń tajà á wò kọjá orí mi, á bi ẹni tó wà lẹ́yìn mi pé kí ló fẹ́ rà. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọ̀gá wọn. Kò fèsì. Mo tún kọ òmíràn. Èsì tó fún mi ni pé ojú ń dun ọmọbìnrin náà, kì í ríran dáadáa. Mo padà lọ dúró síbẹ̀. Ọmọbìnrin ọ̀hún ń ka iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ agolo ẹja tó wà ní ìpẹ̀kun ilé, kò sì ṣì í. Mo kọ ìyẹn náà ránṣẹ́.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìsọlọ̀ mọ̀ pé n kì í gbé ẹ̀sùn mì. Bàbá mi ló kọ́ mi. Akọ̀wé rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ wọn kan ṣoṣo sì ni pé bí wọ́n bá rẹ́ ọ jẹ, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fi ọjọ́ sí i, kí o sì fi orúkọ sí i, torí ohun tí kò lórúkọ, wọn á ní kò ṣẹlẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kì í báni jẹun. Ní ọjọ́ Àìkú, n kì í gbọ́ ohùn ènìyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sẹ́ni tí mo lè kí pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ní ilé wa, kí n tó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mo ti máa wọ mọ́tò lọ sí Òṣòdì, ẹnu mi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pẹ̀lú ìkíni. Mo gbé gàrí díẹ̀ wá. Mo máa ń dà á sínú ife, n kì í bu omi sí i. Mo kàn máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀, màá sì dà á padà.

Nígbà tí ìsinmi dé, ọ̀jọ̀gbọ́n mi gbé tépù kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ káàkiri àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní ìgbèríko, kí n máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ní ìkẹyìn mo dé ọ̀kan tí n kò ní dárúkọ. Títì kan ṣoṣo ni, ó fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù, kò sì sẹ́ni tó ń sọdá rẹ̀. Àwọn ilé gogoro tí wọ́n ń kó àlìkámà sí wà lẹ́bàá ojú irin, odò kan wà lẹ́yìn wọn, eṣinṣin sì ń wọni ní ojú àti imú láìtọrọ àyè. Òtẹ́ẹ̀lì kan ló wà níbẹ̀. Ìyá tó ni ín ń jẹ́ Misis Bíítì. Ó fún mi ní yàrá tó kángun sí ilé ìgbẹ́.

"Mo rí kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri," ni mo wí fún un. "Ṣé gbogbo yàrá yòókù lẹ ti fi fún àwọn ẹlòmíì ni?"

Ó wò mí, ó wo kọ́kọ́rọ́. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè fún mi, èyí tó kọjú sí títì. Láti ọjọ́ náà la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.

Ìlú náà ń múra àjọ̀dún ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Alága ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ń jẹ́ Mísítà Kólíǹsì, ẹni tó ń ta ohun èlò oko. Ó fún mi ní ìwé pẹlẹbẹ tí ó fúnra rẹ̀ kọ. Ní ojú ìwé kìíní, ó kọ ọ́ pé olówó àgùntàn kan ló dé síbẹ̀, pé kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní ilé wa, àlejò tó bá fẹ́ fìdí kalẹ̀ níbìkan, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni onílẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà bèèrè.

"Ta ló ni ilẹ̀ yìí kí ó tó dé, sà?"

"Kò sẹ́ni. Igbó ni."

"Mo rí igi ńlá kan létí odò. Wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ ojú omi. Ó ti pẹ́, ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná."

"Ìyẹn? Àwọn dúdú ló bó o. Èèpo igi ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ láyé ọjọ́un."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò sẹ́ni ni, sà."

"Ohun tí mò ń sọ yé ọ."

"Kò yé mi, sà."

Ó wo aago rẹ̀, ó ní oníbàárà kan ń dúró dè é. Mo wo inú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́nì kan. Ṣé ẹ rí i, àwọn ènìyàn yìí ti mọ́ ojú wọn lára láti máa rí ẹni tí kò sí, kí wọ́n má sì rí ẹni tó wà.

Misis Bíítì ló júwe Màmá Dọ́rà fún mi. Ìyá arúgbó kan ni, ọmọ onílẹ̀ gan-an, lára àwọn dúdú tí Kólíǹsì wí, tó ń fọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn tẹ́lẹ̀. Ilé páànù rẹ̀ wà lódìkejì ojú irin. Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ajá kan sùn lé e lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" ni ó bi mí.

"Mò ń kí yín ni, mà."

"Dìde kí èèrà má bàa jẹ ọ́. Ìwọ yìí dúdú jù mí lọ. Níbo ni wọ́n ti gbé ọ wá?"

"Èmi ni mo gbé ara mi wá, mà. Láti Èkó."

"Ìwọ lo gbé ara rẹ wá síbí?" Ó bojú wo títì tó ṣófo, ó tún wò mí. "Kí ló ṣe ilé yín?"

Ó po tíì fún mi. Ó ní inú òun kò dùn. Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún fẹ́ mú katapílà wá láti fi tẹ́ ilẹ̀ etí odò pẹrẹsẹ, kí wọ́n lè to tábìlì síbẹ̀, kí àwọn ènìyàn jókòó jẹ ẹran lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ìyá òun sì wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Etí Ìsọlọ̀ ni mo fi gbọ́ ọ. Mo bọ̀wọ̀, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo bi í pé: "Inú yàrá wo lẹ sin wọ́n sí, mà?"

Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Inú kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní ìyá bàbá mi ti Abẹ́òkúta wá sí Ìsọlọ̀, wọ́n ta abọ́ tánganran títí wọ́n fi kọ́ ilé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n papò dà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé òkú àwọn padà sí Abẹ́òkúta, inú ilé tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn kọ́ ni kí wọ́n sin àwọn sí. Inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà. A rẹ́ sìmẹ́ńtì lé e, a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé tí mo fi wọ yunifásítì.

"Ẹ̀ ń sùn ti òkú yín?"

"Ilé wọn ni, mà. Àwa la wà lọ́dọ̀ wọn."

"Ẹ̀rù kì í bà yín?"

"Ẹ̀rù kí ni, mà? Ìyá àgbà wa mà ni."

Ó mi orí. "Ní tiwa, bí ẹnìkan bá kú sínú ilé, àwa tó kù á kó jáde fún un." Ó rọra wo inú ilé rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó pé kò sí yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀.

Mo tan tépù. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ sọ orúkọ ìyá rẹ̀ fún mi. Màmá Dọ́rà wo ojú odò. Ó da ìyókù tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ó ti tutù. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Mo pa tépù, mo sì dá a pinnu nínú mi pé màá wá orúkọ náà kàn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo bá ilé sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ tẹlifóònù ìgbà náà mọ ohun tí à ń pè ní sùúrù. Dókítà kan tó kọ́lé sí Ire-Akari ló ní tẹlifóònù, Bàbá mi á lọ jókòó sí pálọ̀ wọn láti àárọ̀ títí ìpè mi á fi wọlé.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà."

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Gbọ́, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé."

"Ilé wo, sà?"

"Ilé wa. Ọ̀nà tuntun ń bọ̀. Inú yàrá ẹ̀yìn ló máa gbà kọjá."

Mo bèèrè: "Ẹ ti kọ̀wé?"

"Mo kọ ọ́. Mo fi ọjọ́ sí i, mo fi orúkọ ìyá mi sí i. Ọmọdékùnrin kan tó wá wọn ilẹ̀ ló ka ìwé náà lójú mi. Ó ní, 'Bàbá, bí a bá ń yà fún òkú, a ò ní dé Apápá láéláé.'"

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kí ó bá mi kí àwọn òbí rẹ̀."

Kò sí èébú tó ju ìyẹn lọ lẹ́nu Bàbá mi. Láìnì tẹlifóònù já.

Láti ìgbà náà, n kò mọ ìbínú ti Ìsọlọ̀ yàtọ̀ sí ti etí odò mọ́. Ilé wa jìnnà, ọwọ́ mi kò tó o. Ọwọ́ mi tó Kólíǹsì. Mo lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ wọn ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń jẹ àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi jáàmù sí. Mo dìde, mo ka ẹ̀sùn mi lẹ́sẹẹsẹ: ìwé wọn parọ́ ní ojú ìwé kìíní, igi etí odò jẹ́rìí pé irọ́ ni, òkú ìyá ẹnìkan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi katapílà gbá, wọn kò bi ọmọ rẹ̀ léèrè, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ló fọ aṣọ tábìlì tí wọ́n fi ń jẹun látijọ́.

Obìnrin kan nu jáàmù kúrò lẹ́nu.

"Ó dáa," ni Kólíǹsì wí. "A ó gbé òkúta kan síbẹ̀."

"Kí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, sà."

"Orúkọ wo?"

"Màá mú un wá."

Misis Bíítì ló sọ ọ́ fún mi. Ìyá tirẹ̀ ló gba ìyá Màmá Dọ́rà síṣẹ́ nígbà tí òun wà ní kékeré, ó sì rántí orúkọ náà dáadáa. Mo gbé e fún ẹni tó ń gbẹ́ òkúta. Àdéhùn èmi àti ìgbìmọ̀ ni pé wọ́n á gbé òkúta náà sí àárín, wọ́n á wá tẹ́ ilẹ̀ yí i ká, wọ́n á to tábìlì yí i ká. Mo gbà. Lójú mi, kò sóhun tó dára ju kí àwọn ènìyàn máa jẹ, kí wọ́n máa mu, kí orúkọ ìyá àgbà wà láàárín wọn. Kí ló tún ń jẹ́ ẹ̀yẹ?

Mo lọ mú Màmá Dọ́rà wá wò ó kí katapílà tó dé. A rìn títí a fi rí òkúta náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó dúró. Mo ní kí a súnmọ́ ọn. Kò gbé ẹsẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀?"

"Orúkọ ìyá yín ni, mà." Inú mi ń dùn. Mo fẹ́ pè é. Ó gbé ọwọ́ sókè kíá, bí ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró.

"Má pè é."

Mo gbé orúkọ náà mì.

"Láti ọjọ́ tó ti lọ, n kò pè é. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti lọ, a kì í pè é padà nínú ìdílé wa. Ta ló ní kí o wá orúkọ?"

"Mo rò pé..."

"Mo sọ fún ọ pé katapílà ń bọ̀. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ilẹ̀ ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Kí ibẹ̀ dákẹ́." Ó wò mí tìbínú-tìbínú. "Bí wọ́n bá kọ orúkọ ìyá tìrẹ sójú títì, tí gbogbo ayé ń kà á, tí wọ́n ń jẹ ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú rẹ á dùn?"

Mo ronú sí i. Irọ́ kò lè ràn wá lọ́wọ́. "Inú mi á dùn gan-an, mà. Inú ìyá mi náà á dùn."

Ó tẹjú mọ́ mi títí ó fi rí i pé n kò parọ́. Ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì fẹ́ rín in. "Ẹ̀yin ènìyàn yẹn," ló wí. "Ẹ sùn ti òkú, ẹ tún ń pariwo sí i létí." Ó yí padà, ó ń lọ sílé. Kò wẹ̀yìn. "Mú un kúrò."

Ẹ ò lè mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn lọ fi ẹ̀sùn kan ohun tí òun fúnra rẹ̀ jà gbà. Kólíǹsì kọ́kọ́ rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"O ní kí a kọ ọ́. A kọ ọ́."

"Ẹ gé e kúrò, sà. Kí ẹ má sì mú katapílà wá rárá."

"Obìnrin yìí, ibo lo fẹ́ kí àwọn ènìyàn ti jẹun?"

Misis Bíítì wà níbẹ̀, ó ń to ife. Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ sísun ẹran àjọ̀dún fún. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì mi ni màá gbé ààrò sí," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ jẹun létí odò, kí ó ru tirẹ̀ láti ilé."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Kì í ṣe ìwé mi ló parí rẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta gé orúkọ náà kúrò, wọ́n gbé òkúta náà lọ, mo sì gbọ́ pé òun ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngán kí afẹ́fẹ́ má bàa máa gbá a. Katapílà kò wá. Koríko etí odò wà bó ṣe wà. Kí n tó kúrò, Màmá Dọ́rà tún po tíì fún mi, a jókòó mu ún. Ojú ìwé kìíní Kólíǹsì kò yí padà. Mo kọ̀wé sí i lórí rẹ̀. Kò fèsì di báyìí.

Nígbà tí mo tún bá ilé sọ̀rọ̀, Bàbá mi ní ọ̀nà ti kọjá.

"Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ hú ìyá àgbà kúrò?"

"Wọ́n ní kí n hú wọn. Mo kọ̀. Ìyá mi ní ibẹ̀ ni kí n sin àwọn sí." Wọ́n tún bi mí: "Àwọn òyìnbó tó wà lọ́dọ̀ rẹ, ṣé wọ́n máa ń bèèrè kí wọ́n tó gba ilẹ̀?"

"Rárá, sà. Wọ́n ní kò sẹ́ni níbẹ̀."

"Ìyẹn tilẹ̀ sàn. Àwọn tiwa mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó sún."

Mo padà wálé nígbà tí mo kàwé tán, mo sì gba ilé sí Òkè-Àfà. Bàbá mi sọ ọ́ di àṣà pé bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn á lọ dúró sí etí ọ̀nà tuntun náà, níbi tí yàrá ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀, àwọn á sì kí ìyá wọn. Nígbà tí Bàbá náà papò dà, mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Lọ́rí ń kọjá, tánkà ń kọjá, àwọn ènìyàn inú mọ́tò ń wò mí bí wèrè aláṣọ funfun. Mo gbé ohùn sókè: Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ìyá alábọ́ tánganran tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé. Mo ń pè é kí ó lè gbọ́ mi nínú ariwo tí wọ́n dà lé e lórí, torí ní tiwa, kí a pè é ni.

Mo mọ orúkọ ẹnìkejì náà, èyí tó wà létí odò lọ́hùn-ún. N kò gbàgbé lẹ́tà kan nínú rẹ̀. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.